Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Adájọ́ Federal Circuit: Ẹ Wo Ohun Tí Láàbù Fi Ọwọ́ Ṣe

Ẹ̀yin Adájọ́ Ọlọ́lá, ní Ilé-Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Federal Circuit, Washington,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láti ọdún 1982 tí wọ́n ti dá ilé-ẹjọ́ yín sílẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí pátẹ́ńtì, ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣe ohun tuntun pé kí ẹlòmíràn má lò ó láìgba àṣẹ rẹ̀, ní Amẹ́ríkà ń já sí. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ nìkan ló lè yí ìdájọ́ yín padà, kì í sì í sábà dá sí i. Ohun tí ẹ bá kọ lónìí ni olùṣàyẹ̀wò ní ọ́fíìsì pátẹ́ńtì yóò máa tẹ̀ lé lọ́la, òun náà ni agbẹjọ́rò yóò máa kà sétí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ láàbù ni èmi ń ṣe, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Mo ń kọ̀wé yìí ní gbangba nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ẹni tó ń dúró nídìí tábìlì láàbù, yálà ó ti gbọ́ orúkọ yín rí tàbí kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Nínú ẹjọ́ báyótẹ́kì, iṣẹ́ tó ń lo ohun alààyè àti jíìnì wọn, nígbà tí ẹ bá ń wò ó bóyá ohun tí ẹnì kan ṣe ti hàn gbangba kí ó tó ṣe é, ẹ ti gbà kí ohun tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ẹnu sọ wúwo ju ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe lọ. Mo fẹ́ kí ẹ tún òṣùwọ̀n yẹn ṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ kejì ni mo wá tọrọ.

Gbogbo wa mọ ohun tí òfin sọ. Abala 103, tó wọ inú ìwé òfin pátẹ́ńtì ní 1952, kò fàyè gba pátẹ́ńtì lórí ohun tó ti hàn gbangba sí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà níwọ̀nba. Òfin náà fi kún un pé ọ̀nà tí ènìyàn gbà ṣe é kò lè ba ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́. Ìbáà jẹ́ ọdún mẹ́wàá lo fi làágùn lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ òru ọjọ́ kan ló sọ sí ọ lọ́kàn, òfin kò bèèrè. Ní 1966, nínú ẹjọ́ Graham pẹ̀lú John Deere, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ to àwọn ìbéèrè tó yẹ kí adájọ́ bi ara rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kí ni ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló yàtọ̀ nínú ti ẹni yìí, báwo ni ìmọ̀ ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ṣe jinlẹ̀ tó. Gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí, orí iṣẹ́ ni wọ́n wà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bèèrè bóyá ọkàn ẹni tó ṣe é balẹ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé ìbéèrè yìí wọ inú báyótẹ́kì, ẹ sì ṣe é dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Nínú ẹjọ́ O'Farrell ní 1988, àwọn kan wá béèrè fún pátẹ́ńtì lórí ọ̀nà kan, èyí tí wọ́n fi ń mú kí bakitéríà ṣe purotéènì tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ti gbé iṣẹ́ kan jáde ṣáájú, níbi tí wọ́n ti so jíìnì ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ jíìnì bakitéríà, tí bakitéríà náà sì ka jíìnì àjèjì yẹn wọ inú RNA, ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe lára jíìnì. Adájọ́ Rich kọ̀wé pé ẹni tó bá ti ka iṣẹ́ yẹn ti mọ ibi tí ọ̀nà kọjú sí. Ó sọ pé òfin kò béèrè ìdánilójú pé nǹkan yóò yọrí; ìrètí tó bọ́gbọ́n mu ti tó. Ó sì tún ṣọ́ra. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni ènìyàn ní láti máa dán ohun gbogbo wò láìsí atọ́nà, tàbí tí ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju ìmọ̀ràn gbogboogbòò lọ, a kò lè sọ pé ohun náà ti hàn gbangba. Mo fara mọ́ ìdájọ́ yẹn títí di òní. Ó jọ ìwé tí ẹni tó ti dúró sí láàbù rí kọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà wọ́ díẹ̀. Ní 1993, nínú ẹjọ́ Bell, àti ní 1995, nínú ẹjọ́ Deuel, ẹ dúró lórí òǹkà. Amino ásíìdì ni wọ́n fi ń kọ́ purotéènì, lẹ́tà DNA mẹ́ta-mẹ́ta ló sì ń dúró fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: oríṣi mẹ́fà ló lè dúró fún serine, mẹ́fà fún leucine, mẹ́fà fún arginine. Nítorí náà, bí ènìyàn bá mọ purotéènì kan, DNA tó lè kọ purotéènì yẹn kò lóǹkà. Nínú ẹjọ́ Bell, iye tí wọ́n kà níwájú yín lé ní 10 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ nígbà 36. Ẹ ní pẹ̀lú irú òǹkà bẹ́ẹ̀, DNA kan pàtó kò lè hàn gbangba. Òǹkà náà pé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wá jíìnì lọ́nà bẹ́ẹ̀. A kì í jókòó ka 10 tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ nígbà 36. Inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì wà la ti ń lọ yọ ọ́.

Ẹjọ́ Kubin ló tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ní 2009, lẹ́yìn tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ nínú ẹjọ́ KSR ní 2007 pé ohun tó hàn gbangba láti dán wò lè jẹ́ ohun tó hàn gbangba lábẹ́ òfin. Jíìnì purotéènì kan tó wà lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń béèrè pátẹ́ńtì lé lórí; NAIL ni wọ́n pè é. Ẹlòmíràn, Valiante, ti kọ nípa purotéènì yẹn tẹ́lẹ̀, p38 ni òun pè é. Ó ti kọ orúkọ àńtíbọ́dì (purotéènì tó máa ń di ohun kan pàtó mú) tó mọ̀ ọ́n, C1.7, ó sì ti sọ pé ọ̀nà tí gbogbo láàbù ń lò, tó wà nínú ìwé atọ́nà Sambrook, ni wọ́n lè fi rí jíìnì náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí, fún àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí tí wọn kò tíì wọ láàbù rí. A ó mú sẹ́ẹ̀lì tí purotéènì náà wà lára rẹ̀, a ó yọ RNA inú wọn, a ó sọ RNA yẹn di DNA, a ó wá fi DNA náà sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí kò ní purotéènì yẹn tẹ́lẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì á pọ̀ lọ súà, oníkálukú pẹ̀lú èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́. A ó jẹ́ kí wọ́n pàdé àńtíbọ́dì. Àńtíbọ́dì á di èyí tó gbé purotéènì náà jáde mú, a ó fi omi ṣan ìyókù dànù. A ó yọ DNA inú àwọn tó ṣẹ́ kù, a ó tún fi í sínú sẹ́ẹ̀lì tuntun, a ó tún ṣan wọ́n, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ìgbà yẹn la ó tó ka lẹ́tà rẹ̀. Iṣẹ́ náà ń rẹni. Ó lè bàjẹ́ nítorí omi kan tí kò mọ́, tàbí firíìjì tí iná lọ lára rẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú rẹ̀ tí ẹni tó ń ṣe é ti máa dúró bi ara rẹ̀ léèrè pé, ibo ni kí n wá gbà báyìí?

Adájọ́ Rader rí i bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó wo purotéènì tí ayé ti mọ̀, ó wo àńtíbọ́dì tó ti wà nílẹ̀, ó wo ìwé atọ́nà, ó sì rí i pé àwọn tó béèrè fún pátẹ́ńtì náà kò kúrò lójú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń tọ̀. Ó ní Deuel kò lè dúró mọ́ lẹ́yìn KSR. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn kan pariwo nígbà yẹn pé ẹ ti ba jíìnì jẹ́ fún wọn. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ lẹ wò, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ wò.

Ibi tí ìbànújẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ ni ìdájọ́ ti ọjọ́ 10, oṣù kẹsàn-án, 2018, láàárín Yunifásítì California àti ilé ìwádìí Broad Institute, lórí CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé jíìnì láti tún un ṣe.

Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹfà, 2012, Jennifer Doudna, Emmanuelle Charpentier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àpilẹ̀kọ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n fi hàn pé Cas9, ẹ́ńsáìmù kan tí bakitéríà fi ń gé DNA fáírọ́ọ̀sì tó bá kọlù ú, ṣeé darí pẹ̀lú RNA kan ṣoṣo tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, láti gé DNA níbi tó bá wù ú. Inú ife àdánwò ni wọ́n ti ṣe é, kò sí sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Wọ́n ti béèrè fún pátẹ́ńtì ní oṣù tó ṣáájú. Ní ọjọ́ 12, oṣù kejìlá ọdún náà, Feng Zhang àti àwọn ará Broad Institute béèrè fún tiwọn, lórí lílo irinṣẹ́ yìí kan náà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní nukiléọ́ọ̀sì, yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tí DNA ń gbé: ti ènìyàn, ti ẹranko, ti ewéko. Ìbéèrè tó dé iwájú yín kò ju èyí lọ: ẹni tó ti ka iṣẹ́ oṣù kẹfà, ǹjẹ́ ó ti hàn sí i gbangba pé yóò ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn? PTAB, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ní ọ́fíìsì pátẹ́ńtì, ti sọ ní oṣù kejì ọdún 2017 pé kò hàn. Ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i.

Kí ló ní láti yí padà láàárín ife àdánwò àti sẹ́ẹ̀lì ènìyàn? Mo fẹ́ kí á sún mọ́ ọn. Bakitéríà kò ní nukiléọ́ọ̀sì. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní i, ibẹ̀ sì ni DNA wà. Cas9 gbọ́dọ̀ wọlé síbẹ̀. Ohun tó ń fún purotéènì láàyè láti wọlé ni àmì kékeré kan lára rẹ̀, èyí tí wọ́n rí lára fáírọ́ọ̀sì SV40: amino ásíìdì méje péré. Àwọn onímọ̀ ti mọ àmì yìí láti 1984. Bákan náà, bí bakitéríà ṣe ń kọ lẹ́tà jíìnì kọ́ ló dùn mọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn jù, nítorí náà wọ́n ní láti tún lẹ́tà Cas9 kọ láìyí purotéènì rẹ̀ padà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta DNA ń bá ènìyàn ṣe èyí. Wọ́n ní láti mú kí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe RNA atọ́nà náà fúnra rẹ̀; ohun tí wọ́n ń pè ní U6 ti wà fún èyí, àwọn tó ń fi RNA pa jíìnì lẹ́nu mọ́ ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òótọ́ ni pé wọ́n tún gígùn RNA náà ṣe kí ó lè ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ti lo ZFN tàbí TALEN, àwọn irinṣẹ́ tó ṣáájú CRISPR, nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ti mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwọ̀nyí bí ẹní mowó.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú. DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, tó gùn tó mítà méjì bí wọ́n bá nà án, kò na tàntàn bí ti inú ife. Ó wé mọ́ àwọn purotéènì kan, ó ká jọ gírígírí. Ǹjẹ́ Cas9 yóò rí àyè kan án? Ǹjẹ́ RNA atọ́nà kò ní jẹrà kó tó débẹ̀? Ìbéèrè gidi nìwọ̀nyí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo fojú kéré wọn.

Dana Carroll, tó mọ iṣẹ́ títún jíìnì ṣe dunjú, béèrè ìbéèrè wọ̀nyí nínú àpilẹ̀kọ kékeré kan ní 2012. Ó ní kò sí ìdánilójú pé Cas9 yóò ṣiṣẹ́ lórí DNA tó wé bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n dán an wò. Doudna náà sọ lẹ́yìn náà ní gbangba pé àwọn kò mọ̀ dájú bóyá yóò ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko àti ẹranko, àti pé nǹkan kò kọ́kọ́ lọ bí àwọn ṣe fẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ìgbìmọ̀ PTAB gbé sókè, òun náà lẹ sì tẹ́wọ́ gbà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ìrètí tó bọ́gbọ́n mu kò sí. Olóòótọ́ ìlú wá di ìkà ìlú.

Ẹ̀yin adájọ́, ṣé ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ iyèméjì ṣe ń jáde lẹ́nu wa? Bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ń kọ̀wé béèrè owó ìwádìí, yóò kọ pé gbogbo àmì ló fi hàn pé iṣẹ́ yìí yóò yọrí, nítorí kò sí ẹni tó ń fún ènìyàn lówó lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́. Bí ẹni yìí kan náà bá ń kọ àpilẹ̀kọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, yóò kọ sí ìparí rẹ̀ pé ó kù kí a mọ̀ bóyá yóò rí bẹ́ẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí kò bá kọ ọ́, àwọn tó ń yẹ àpilẹ̀kọ wò kí wọ́n tó gbà á yóò ní kó lọ kọ ọ́. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá sì yọrí, tí oníròyìn bá bi í pé báwo ló ṣe rí, yóò sọ bí òru ṣe gùn àti bí ọkàn òun ṣe ń já. Kò purọ́ níbi kankan. Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ló yàtọ̀. Iyèméjì jẹ́ ọ̀nà tí iṣẹ́ wa gbà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní iyèméjì kan ò ní ṣe àdánwò rárá, ńṣe ni yóò kàn kéde. Bí adájọ́ bá wá mú gbólóhùn kan nínú ìwọ̀nyí, tó fi í wọn ìrètí gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà, ohun tó ń wọ̀n ni àṣà ìsọ̀rọ̀ wa, kì í ṣe ìmọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ọwọ́ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 2013 nìkan, láàbù Zhang, láàbù George Church ní Harvard, láàbù Jin-Soo Kim ní South Korea àti láàbù Doudna fúnra rẹ̀ gbé e jáde pé CRISPR ti ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ẹlòmíràn ṣe é nínú ẹja zebrafish ní oṣù kan náà. Kò tíì tó oṣù mẹ́jọ tí iṣẹ́ Doudna àti Charpentier jáde. Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó ní láti dá irinṣẹ́ tuntun sílẹ̀ láti borí DNA tó wé, ohun tí Carroll ń bẹ̀rù. Wọ́n kó ohun tó wà lórí sẹ́ẹ̀fù jọ, wọ́n fi sínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì gé e.

Yunifásítì California gbé èyí wá síwájú yín. Ìgbìmọ̀ náà dáhùn pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe sáré sí ibì kan fi hàn pé ó wù wọ́n láti débẹ̀, kò fi hàn pé wọ́n rò pé àwọn yóò débẹ̀. Ẹ̀yin gbà á bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sọ ní 2010, nínú ẹjọ́ Geo. M. Martin, pé bí àwọn ènìyàn tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ bá ṣe ohun kan náà láàárín àkókò kúkúrú, ẹ̀rí tó lágbára ni pé kò kọjá ìmọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ níwọ̀nba. Ẹjọ́ ẹ̀rọ ni ìyẹn. Kí ló dé tí ohun tó wúwo nínú ẹjọ́ ẹ̀rọ fi di fífúyẹ́ nínú ẹjọ́ sẹ́ẹ̀lì?

Mo mọ ohun tí ẹ lè fi dá mi lóhùn, mo sì rò ó dáadáa. Ẹ lè ní àwọn láàbù wọ̀nyí kì í ṣe láàbù lásán, pé àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ni, pé òfin ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó mọ iṣẹ́ níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kọ́ ló ń di pípẹ́ẹ̀tì mú. Le Cong, tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ láàbù Zhang, akẹ́kọ̀ọ́ ni nígbà yẹn. Lójú tèmi, nínú báyótẹ́kì, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ni ẹni tó mọ iṣẹ́ níwọ̀nba. Ẹ tún lè sọ pé àwọn ohun àtijọ́ tí wọ́n fi RNA ṣe, bí i ráíbósáìmù àti ìńtírọ́ọ̀nù ẹgbẹ́ kejì, ti ṣòro láti lò nínú sẹ́ẹ̀lì tó ní nukiléọ́ọ̀sì. Èyí ni ìdáhùn tó lágbára jù lọ tí Broad ní, bí ẹ bá sì gbé ìdájọ́ yín lé e lórí nìkan, n kì bá tí kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé ẹ̀rí nípa iṣẹ́ ni. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu wà nínú òṣùwọ̀n kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ka ìdájọ́ yẹn kó mọ èwo nínú méjèèjì ló gbé e dúró.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ẹ ní ọ̀rọ̀ ìrètí yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀, pé tí ìgbìmọ̀ náà bá ti ní ẹ̀rí tó tó, ẹ kò ní tú u palẹ̀. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ìgbìmọ̀ ló gbọ́ ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rí tó yẹ kó wúwo ju òmíràn lọ, ọ̀rọ̀ òfin nìyẹn, ọwọ́ yín ló sì wà.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn ní ọjọ́ 12, oṣù karùn-ún, 2025. Ẹjọ́ àwọn méjèèjì tún ti padà wá, lọ́tẹ̀ yìí lórí ẹni tó kọ́kọ́ ro ohun náà tán pátápátá. PTAB ti sọ ní 2022 pé àwọn ará California kò tíì rò ó tán, nítorí pé wọ́n ń ṣiyèméjì, pé àdánwò wọn àkọ́kọ́ kò lọ dáadáa. Ẹ dá a padà. Ẹ ní kò di dandan kí ẹni tó ro ohun tuntun mọ̀ pé yóò ṣiṣẹ́ kí èrò rẹ̀ tó pé, ẹ sì ní ìgbìmọ̀ náà ì bá ti wò ó bóyá ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ní láàbù ti tó láti sọ èrò yẹn di iṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iyèméjì tí wọ́n ti fi ń na olóòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ èrò, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn nínú ọ̀rọ̀ ohun tó hàn gbangba. Òótọ́ ni pé òfin méjèèjì yàtọ̀, ìrètí àṣeyọrí sì jẹ́ ara ìbéèrè Abala 103 lọ́nà tí kò gbà jẹ́ ara ìbéèrè èrò. Ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ló sọ ọ́, láàbù kan náà ni wọ́n ti sọ ọ́, ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ kò sì yí padà.

Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n má gba pátẹ́ńtì lórí ìgbésẹ̀ tó kàn lẹ́yìn tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fọ́nnu nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba pátẹ́ńtì fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa sunkún pé kò sí ìrètí kankan. Àpilẹ̀kọ tí ó yẹ kó jẹ́ ibi tí a ti ń bá ara wa sọ òótọ́ yóò wá di ìwé ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí ju ẹni tó gba CRISPR lọ.

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwa onímọ̀ nìkan. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi CRISPR ṣe, fún àwọn tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ládìde. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Ní oṣù kan náà, Vertex tó ń ta á fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò kọ́kọ́ san mílíọ̀nù 50 dọ́là fún Editas, tó di ẹ̀tọ́ pátẹ́ńtì Broad mú, kí òun lè máa ṣe é láìsí ẹjọ́. N kò sọ pé pátẹ́ńtì nìkan ló gbé owó náà ga; ìtọ́jú náà le láti ṣe. Mo sì mọ̀ pé láìsí pátẹ́ńtì, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni kó owó lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà gan-an ló ṣe yẹ kí ibi tí ẹ pa ààlà sí jẹ́ ibi tí iṣẹ́ gidi wà. Ẹni tó ṣí ọ̀nà, kí ó gba tirẹ̀. Ẹni tó rìn ín lẹ́yìn tí ó ti là, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin mìíràn tí wọ́n jọ ń rìn ín lóṣù kan náà, kí ó fi hàn yín ibi tó ti ní láti la tirẹ̀.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Ẹjọ́ báyótẹ́kì mìíràn yóò dé iwájú yín, tí ìgbìmọ̀ ti gbé ìdájọ́ rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ iyèméjì tí ẹnì kan kọ sínú àpilẹ̀kọ tàbí tí ó sọ fún oníròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè dá dúró. Pé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fi í wé ohun tí láàbù ń ṣe nígbà náà, kí ó sì sọ ní kedere ìṣòro wo ni ẹni yìí yanjú tí irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò lè yanjú. Bí ọ̀pọ̀ láàbù bá ti ṣe ohun kan náà láàárín oṣù díẹ̀, kí ìgbìmọ̀ sọ irinṣẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan wọn lò, bóyá tuntun ni tàbí èyí tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀, kí ó tó sọ pé ìyára wọn kò já mọ́ nǹkan. Bí ìgbìmọ̀ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ dá ẹjọ́ náà padà fún wọn, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣe ní oṣù karùn-ún ọdún 2025.

Tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ láàbù